Alámù Tí Mo Yọ Lókè Orí Àǹtí Ràmọ́tà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Nǹkan kan wà lọ́kàn mi láti bí ọdún mẹ́ta tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọkọ mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò lè dá a gbé mọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ti wá bẹ̀ mí níṣẹ́ kan. Iṣẹ́ tí èèyàn kì í bẹ ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó bá fọkàn tán pátápátá. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ló fẹ́ gbọ́ èsì lẹ́nu mi. Mi ò mọ ohun tí màá sọ.

Màá pè é ní Àǹtí Ràmọ́tà. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn. Ó jù mí lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni ìbá jẹ́ ká ní ìyá kan náà ló bí wa.

Camp Springs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, kò jìnnà sí ibùdó àwọn ológun òfurufú. Ilé wa ní bésímẹ́ǹtì, ìyẹn ìsàlẹ̀ ilé tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tó ní yàrá kan, balùwẹ̀ kan, àti ilẹ̀kùn tirẹ̀ tó já sí ẹ̀yìnkùlé. Àǹtí Ràmọ́tà ló ń gbé ibẹ̀ nígbà yẹn. Mọ́ṣáláṣí la ti mọra. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú, òru ló sì máa ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà ojúmọmọ ló máa ń sùn. Bí a bá ní ìpàdé obìnrin, òun ló máa ń dá wákà, tí àwa tó kù á máa gbè é. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn ọmọ wa tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá máa ń dákẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ilé ìdáná ọsibítù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn mi ò sì gba ìdúró mọ́. Mo pinnu pé màá máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé mi. Mo lọ sí gbogbo kíláàsì tí wọ́n ní ká lọ. Wọ́n kọ́ wa ní ohun tí a óò ṣe bí oúnjẹ bá há ọmọ lọ́fun, bí a ṣe ń tẹ́ ọmọ sùn, àti bí a óò ṣe kó àwọn ọmọ jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n kọ́ mi nípa iná.

Gbogbo àgbà tó bá ń gbé inú ilé ló gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ka, kí ìjọba lè mọ̀ pé kò sí ọ̀daràn nínú wọn. Àǹtí Ràmọ́tà lọ tẹ̀ka nítorí tèmi. Kò ráhùn. Ó ní, "Iṣẹ́ rere lo fẹ́ ṣe, àbúrò mi. Màá bá ọ dá sí i."

Ó sì dá sí i lóòótọ́. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, kó tó lọ sùn, ó máa ń bá mi ṣe díẹ̀. A jọ fi ike dí ojú iná tó wà lára ògiri. A kó ọṣẹ àti oògùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àgádágodo. A fi géètì kékeré dí orí àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo sọ fún un pé wọn ò gbà kí ìrọ̀rí tàbí ìbora wà nínú bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́, ó wo bẹ́ẹ̀dì náà títí, ó ní, "Kò ní ìrọ̀rí, kò ní ìbora. Kí ni ọmọ yìí jí kó?" A rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀.

Ọkọ mi ní tirẹ̀ kun yàrá tí àwọn ọmọ á ti máa sùn. Ó kun ògiri, ó kun àjà. Yàrá náà mọ́ bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ọjọ́ tí olùbẹ̀wò tí ìjọba rán máa wá yẹ ilé wa wò pé. Obìnrin adúláwọ̀ kan ni, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, onísùúrù èèyàn. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Àǹtí Ràmọ́tà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ tirẹ̀ dé ni, oorun sì ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ sùn. Ó ní òun fẹ́ kí obìnrin náà rí òun, kó má bàa rò pé a fi ẹnì kan pamọ́.

Bésímẹ́ǹtì la ti bẹ̀rẹ̀. Olùbẹ̀wò náà wo fèrèsé, ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó wá mú igi ìgbálẹ̀, ó fi tẹ alámù tó máa ń ké bí èéfín bá yọ, èyí tó wà lára àjà, lókè bẹ́ẹ̀dì Àǹtí Ràmọ́tà gan-an. Alámù náà ké, Àǹtí fi ọwọ́ di etí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Àǹtí ní kí a jẹ́ kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. A fi í sílẹ̀, a gòkè.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ilé ìdáná tán ni fóònù obìnrin náà dún. Ó tọrọ àyè, ó sì jáde lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀ láti lọ sọ̀rọ̀. Mo ní kí n yára yẹ yàrá àwọn ọmọ wò kó tó wọlé. Mo gun àga, mo tẹ alámù tó wà níbẹ̀. Kò dún. Mo tún un tẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọ̀dà tí ọkọ mi kùn ti dí gbogbo ojú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ipò tí mo wà. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún àwọn òbí kan, ológun ni méjì nínú wọn, pé kí wọ́n máa gbé ọmọ bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti sọ níwájú àlejò pé mo fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀. Mo rò ó pé bí obìnrin yìí bá rí alámù tí kò dún, á ní mi ò yege, á sì pa dà lọ, ta ló mọ ìgbà tó tún máa wá.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí bésímẹ́ǹtì. Mi ò kanlẹ̀kùn. Àǹtí Ràmọ́tà ti sùn lọ. Ó fa ìró bojú nítorí ìmọ́lẹ̀. Mo gun àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo na ọwọ́ sókè orí rẹ̀, mo yí alámù náà, ó sì yọ. Ó ta pó. Àǹtí yíra pa dà, kò jí. Mi ò mí títí mo fi jáde.

Mo fi í sí yàrá àwọn ọmọ. Mo ju èyí tí ọ̀dà dí sínú pàǹtírí. Olùbẹ̀wò wọlé, ó tẹ̀ ẹ́, ó dún dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ó hàn pé mo múra sílẹ̀. Bí mo ṣe yege nìyẹn, tí wọ́n fi fún mi ní láísẹ́ǹsì.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí obìnrin mìíràn nínú wa, obìnrin olùbẹ̀wò kan náà ló sì lọ bá a. Ohun tó sọ fún un ni pé kó lọ ra alámù tuntun lọ́jọ́ náà, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ ra òmíràn fún Àǹtí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ rà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi dé, ó ní ká jáde lọ jẹun nítorí inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó di Mọ́ńdè, àwọn ọmọ dé. Ọ̀kan nínú wọn sunkún fún odindi ọ̀sẹ̀. Tí mo bá rántí alámù, ìgbà tí ọmọ bá wà ní apá mi ni. Tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, á ti kúrò lọ́kàn mi. Àǹtí náà ò sì wòkè. Ta ló máa ń wo àjà yàrá ara rẹ̀?

Nígbà tó yá, mi ò rántí rẹ̀ mọ́ rárá. Mi ò ní ibi kankan lọ́kàn sí i, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo kàn gbàgbé rẹ̀ bí a ṣe ń gbàgbé nǹkan ẹlòmíràn ni. Ká ní yàrá ọmọ tèmi ni, mi ò ní gbàgbé. Ibẹ̀ yẹn ló ń dùn mí jù.

Òtútù dé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, lọ́sàn-án, mò ń dín ẹja. Kò sí ọmọ kankan nílé. Mo gbọ́ òórùn èéfín, mo rò pé òróró mi ló ń jó. Mo pa iná. Òórùn náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí mo yíjú, mo rí èéfín tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn bésímẹ́ǹtì jáde.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Mo sáré gba ìta lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àǹtí ti ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ látinú. Mo fi ṣọ́bìrì tí a fi ń kó yìnyín fọ́ gíláàsì, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ṣí i. Orí ilẹ̀ ni mo ti bá a, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn. Ó ti jí, ó ti gbìyànjú láti jáde, kò dé ibẹ̀. Mo mú un ní apá méjèèjì, mo wọ́ ọ jáde sórí koríko. Gíláàsì ti ya ọwọ́ mi, mi ò mọ̀.

Ìró rẹ̀ kan ló já bọ́ sórí hítà tó tàn nítorí òtútù nígbà tó ń sùn, tó sì gbiná. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé ká ní ó tètè jí ni, kì bá tí fa èéfín tó bẹ́ẹ̀ sínú.

Àwọn panápaná dé, wọ́n pa iná náà. Wọ́n ti gbé Àǹtí lọ. Aládùúgbò wa kan ń fi aṣọ di ọwọ́ mi. Ọ̀kan nínú àwọn panápaná jáde wá, ó ní òun rí ojú ibi tí alámù wà lára àjà, ṣùgbọ́n òun ò rí alámù. Ó bi mí pé, "Ta ló yọ ọ́?"

Mo ní, "Òun ni. Ọ̀sán ló máa ń sùn. Ó ní ariwo rẹ̀ ń yọ òun lẹ́nu."

Mi ò ronú kí n tó sọ ọ́. Ó kàn jáde ni. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní àwọn èèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn di òtítọ́ láti ọjọ́ náà. Ọkọ mi gbà á gbọ́. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí gbà á gbọ́.

Mo lọ wò ó ní ọsibítù. Nígbà tó wá lè sọ̀rọ̀, ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ó há, ó sì tín-ín-rín. Ọkọ mi ti sọ ohun tí àwọn panápaná wí fún un. Ó wò mí, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé lóòótọ́ ni mo yọ ọ́? Mi ò rántí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Àwa méjèèjì nìkan la wà nínú yàrá yẹn. Mo ní, "Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé ni, Àǹtí. Ó máa ń rẹ̀ yín gan-an tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé."

Ó wá ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó wá kó ìwọ̀nba ẹrù rẹ̀ tó kù. Ó bá mi nínú ilé ìdáná. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti kúnlẹ̀. Àgbàlagbà, ẹni tó jù mí lọ. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Díẹ̀ ló kù kí n jó ilé yín. Ká ní àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Mo fà á dìde. Mo ní, "Ẹ dìde, Àǹtí. Mo ti dárí jì yín."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé mo dárí jì í.

Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé báyìí, ní Oxon Hill. Ohùn rẹ̀ ò pa dà bọ̀ sípò. Ẹlòmíràn ló ń dá wákà, òun á jókòó, á máa pàtẹ́wọ́. Àyà rẹ̀ ò jẹ́ kó lè gbé aláìsàn dìde mọ́, nítorí náà ó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ní tèmi, àpá wà lọ́wọ́ mi, gbogbo ẹni tó bá sì rí i ló ń yìn mí. Wọ́n ní mo wọ inú èéfín nítorí ẹni tí kì í ṣe ẹbí mi.

Ní ọdún yìí, Àǹtí Ràmọ́tà ní òun náà fẹ́ máa tọ́jú ọmọ, ó sì ní kí n wá kọ́ òun. Mo ń lọ sí ilé ọmọ rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Mo bá a fi ike dí ojú iná, mo bá a gbé géètì. Alámù wà ní gbogbo yàrá ilé náà, kódà ó fi ọ̀kan sí ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí. Láràárọ̀ ló máa ń fi igi tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ariwo náà ti sú òun, ṣùgbọ́n òun ò lè bá a wí.

Ní ìpàdé obìnrin tó kọjá, nílé ọ̀kan nínú wa ní Mitchellville, ìyàwó kékeré kan ní òun náà ń múra de olùbẹ̀wò. Àǹtí Ràmọ́tà fi ohùn kékeré rẹ̀ yẹn pè é, gbogbo wa dákẹ́ ká lè gbọ́.

Ó ní, "Má ṣe bíi tèmi o, ọmọ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ alámù mi. Oorun ni mo fẹ́ sùn." Ó wá nawọ́ sí mi, ó ní, "Bi í. Òun ló gbé mi jáde. Ó mọ ohun tí mo ṣe."

Ìyàwó náà yíjú sí mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Níbi tí a ti ń wọ bàtà láti máa lọ ni Àǹtí ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìjọba ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí fa ẹnì kan kalẹ̀, ẹni tí yóò dúró fún un bí ara rẹ̀ ò bá yá, tí yóò sì máa bá a ṣọ́ àwọn ọmọ. Ó ní èmi ni òun fẹ́ fà kalẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i. Ó ní, "Ronú sí i títí di Jímọ̀. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe ìwọ, mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè fi ẹ̀mí ọmọ lé lọ́wọ́."

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní, "Èmi ni mo kun àjà yẹn." Lẹ́yìn náà ó ní kí n jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó ní wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì mi, àwọn òbí á kó ọmọ wọn lọ, Àǹtí fúnra rẹ̀ sì ti gbàgbé. Mo sọ fún un pé kò gbàgbé. Ó ń tẹ alámù láràárọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bi yín bóyá kí n sọ ọ́. Mo ti mọ̀ pé màá sọ ọ́ kí Jímọ̀ tó pé, bí wọ́n bá tilẹ̀ máa gba láísẹ́ǹsì náà. Ohun tí mò ń bi yín ni ibi tí màá ti sọ ọ́. Ṣé kí n lọ bá òun nìkan, kí n kúnlẹ̀ fún un? Àbí kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo àwọn obìnrin tí mo sọ ọ́ di aláìbìkítà lójú wọn? Tí mo bá sọ ọ́ níkọ̀kọ̀, òun nìkan ni yóò mọ̀ pé òun ò jẹ̀bi. Tí mo bá sọ ọ́ ní gbangba, ẹ̀rù ń bà mí pé á rò pé mo tún fi òun ṣe ìran wò.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Pàápàá ẹ̀yin tí ẹnì kan wá jẹ́wọ́ fún. Ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni náà.

Ní ti ìdáríjì, mi ò ní tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má tíì dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ná.